Eré ‘Yorùbá Ronú’ àti Ẹni tí Ó Wà Láàárín

Àwọn baba wa a máa wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a pinnu láti kọ nípa eré Yorùbá Ronú, èyí tí Olóògbé Hubert Ogunde gbé jáde ní ọdún 1964. Àwọn tí ó mọ orúkọ eré náà pọ̀ ju àwọn tí ó mọ ìtàn inú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ méjì náà ti di ohun tí olúkúlùkù olóṣèlú ń fi pe ọmọnìkejì rẹ̀ pé kí ó ronú, ṣùgbọ́n a kì í sábà gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi pe ara rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a gbé eré náà yẹ̀wò, kí a yin ohun tí ó yẹ fún ìyìn nínú rẹ̀, kí a sì sọ ibi tí a rò pé ó kù díẹ̀ káàtó, pàápàá fún àǹfààní àwọn olùkọ́ tí yóò máa fi kọ́ ọmọ.

Ogunde kì í ṣe àjèjì sí irú àwọn ènìyàn tí ń ka ìwé yìí. Ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, a bí i ní ọdún 1916. Ó ṣe olùkọ́ ilé-ìwé, ó sì ń tẹ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní ọdún 1944, eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Gbọ̀ngàn Glover ní ìlú Èkó. Eré orin ni, lórí ìtàn ọgbà Édẹ́nì, ṣọ́ọ̀ṣì kan ni ó sì ní kí ó ṣe é láti fi wá owó ìkọ́lé. Láti ẹsẹ̀ pẹpẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sí ìgboro, ṣùgbọ́n kò fi ohùn oníwàásù sílẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, ó fi ọ̀ràn wọn ṣe eré tí ó pè ní Strike and Hunger. Nígbà tí ọlọ́pàá sì yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú ní Enugu ní 1949, ó fi ìyẹn náà ṣe eré ní ọdún kejì. Àwọn aláṣẹ òyìnbó kò fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀. Ní Jọ́ọ̀sì ní 1946, wọ́n fi òfin dè é.

Kí a tó sọ ìtàn inú Yorùbá Ronú, ó yẹ kí a rán ara wa létí ìgbà tí a ṣe é. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní ọdún 1959 láti lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ ní Èkó, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ni ó gba ipò náà. Kò pẹ́ tí ohùn àwọn méjèèjì kò fi ṣọ̀kan mọ́. Ti Awólọ́wọ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ náà dúró gẹ́gẹ́ bí alátakò ìjọba àpapọ̀, kí ó sì di ètò ìjọba kan mú tí yóò dín àlàfo tí ó wà láàárín olówó àti tálákà kù. Ti Akíntọ́lá ni pé ó sàn kí àwọn Yorùbá bá àwọn tí ń ṣe ìjọba ní Èkó rẹ́, kí ipò àti iṣẹ́ má baà fò wọ́n dá. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí a ṣe ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù kejì ọdún 1962, ìjà náà hàn sí gbangba.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, ẹni tí ó jẹ́ Gómìnà nígbà náà, yọ ọ́ ní ipò, a sì fi Alhaji D. S. Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àga ń fò nínú Ilé Ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú ilé ká. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìlú kò fararọ, wọ́n sì fi Dókítà M. A. Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Bí ọdún 1963 ti bẹ̀rẹ̀, Akíntọ́lá padà sórí àga. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ilé-ẹjọ́ dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi pé ó dìtẹ̀ sí ìjọba, a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ní 1964, Akíntọ́lá àti àwọn kan láti inú ẹgbẹ́ alákùkọ pa pọ̀ dá ẹgbẹ́ titun sílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀. Láti ìgbà náà lọ, àwọn ará ilé kan náà kò lè jùmọ̀ jẹun mọ́ láìbéèrè ẹgbẹ́ ara wọn.

Nínú ooru ìjà yìí ni Ogunde gbé eré rẹ̀ kalẹ̀. Ìtàn náà kò lọ́jú. Ọba kan wà tí ń jẹ́ Fìwàjoyè, tí ó fi gbogbo ara rẹ̀ jìn fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ dalẹ̀, ó tà á fún àwọn ọ̀tá. A mú ọba pẹ̀lú méjì nínú àwọn tí ó súnmọ́ ọn, a sì tì wọ́n mọ́lé. Igbákejì gorí ìtẹ́, ó di ẹrú àwọn tí ó fi í jẹ, ó sì ń ni ará ìlú lára títí ara wọn kò fi gbà á mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n pa á. A tú ọba sílẹ̀, ìlú sì bú sí ayọ̀.

Kò ṣòro fún ẹni tí ó wo eré náà ní ọdún 1964 láti mọ ẹni tí ọba dúró fún àti ẹni tí igbákejì dúró fún. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pàápàá mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi òfin de ẹgbẹ́ Ogunde pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà, òfin náà sì wà bẹ́ẹ̀ títí àwọn ológun fi gba ìjọba, tí wọ́n sì mú un kúrò ní 1966. Èsì tí Ogunde fọ̀ ni eré mìíràn, tí ó pè ní Òtítọ́ Korò. Nínú ọ̀ràn yìí, a kò ní ìyèméjì. Ìjọba tí ó fi òfin de eré nítorí pé eré náà sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dàlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó dìde nínú èrò tí ó dáhùn sí orúkọ tí a kò pè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dára nínú eré náà. Èkínní ni orúkọ rẹ̀. Ní ìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ké pe àwọn ènìyàn wọn kí wọ́n jà, ọkùnrin yìí ní kí wọ́n ronú. Kò sọ̀rọ̀ sí ọlọ́pẹ nìkan tàbí sí alákùkọ nìkan, gbogbo ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire ni ó bá wí. Èkejì ni orin tí ó fi ṣí eré náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ títí di òní ju eré fúnra rẹ̀ lọ. Orin náà kò dá ẹnìkan sí. Ó ka ìwà gbogbo wa sí wa lẹ́sẹ̀, ó sì fi hàn pé àwa ni a fi ọwọ́ ara wa ba ara wa jẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé ó gbé ọ̀ràn náà sí ààfin. Ẹni tí kò lè ka ìwé ìròyìn, tí kò sì mọ ohun tí òfin ìjọba ń wí nípa ìyọnípò olórí, mọ ohun tí ọba jẹ́, ó sì mọ ohun tí ìdàlẹ̀ jẹ́. Àgbẹ̀ tí ó ti oko dé lè jókòó ti amòfin, kí àwọn méjèèjì sì lóye ohun kan náà. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ṣùgbọ́n kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí orin parí tí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Orin bi gbogbo wa ní ìbéèrè. Ìtàn sì dá ìbéèrè náà lóhùn pẹ̀lú ọkùnrin kan ṣoṣo. Bí eré ti ń lọ, ẹni tí a ti bá wí nínú orin ń fi ara balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀, nítorí ó ti rí ẹni tí yóò ru ẹrù náà dípò rẹ̀. Nígbà tí a bá fi pa igbákejì, a ti pa ẹ̀bi òun náà pẹ̀lú. Ó lè dìde, kí ó gbọn aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa lọ sí ilé ní aláìlẹ́bi. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Eré náà fi aláǹgbá hàn wá kedere, títí kan ìrù rẹ̀. Kò fi ògiri hàn wá. Ta ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá? Àwọn ìjòyè wo ni ó gba ẹ̀bùn ní òru tí wọ́n sì kí ọba ní òwúrọ̀? Ta ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ọjà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, tí ó ní kò kan òun? Ọ̀dàlẹ̀ kan kò lè ta ìlú bí kò bá sí àwọn tí ń wò ó tí wọn kò fọhùn.

Ohun kejì tí a rí ni èyí: ẹ̀ẹ̀méjì péré ni àwọn ará ìlú ṣe ohun kan nínú ìtàn náà. Ní ìgbà kìíní wọ́n jìyà, ní ìgbà kejì wọ́n pànìyàn. Láàárín ìfaradà àti ìpànìyàn ọ̀nà jíjìn ni ó wà, orí ọ̀nà náà sì ni gbogbo ìgbé-ayé ọmọ ìlú rere wà. Níbẹ̀ ni a ti ń bẹ olórí wí, níbẹ̀ ni a ti ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, níbẹ̀ ni a ti ń pe àwọn tí ń jà sí àpérò, níbẹ̀ ni àpótí ìbò wà. Eré náà fò ó kọjá bí ẹni fo kòtò. Ẹni tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ nìkan yóò rò pé ọgbọ́n méjì péré ni ó wà fún ènìyàn lásán: kí ó máa fi orí gba ìyà, tàbí kí ó mú àdá.

Ohun kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ lójú wa. Igbákejì inú eré kò ní èrò kankan. Ojúkòkòrò ni ó ní. Ṣùgbọ́n ìjà tí ó fọ́ Ìwọ̀-Oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Èrò méjì ni ó pàdé ní Jọ́ọ̀sì, èrò méjèèjì ni ènìyàn olóòótọ́ sì lè gbà. Jẹ́ kí a rò ó wò: olùkọ́ kan wà ní Iléṣà tàbí ní Abẹ́òkúta ní ọdún náà tí ó gbà pé kò yẹ kí ọmọ tálákà máa jìyà nígbà tí àwọn olóyè ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta, ó sì tún gbà pé kò dára kí ẹ̀yà kan dá dúró nígbà tí àwọn yòókù ń pín iṣẹ́ ìjọba. Kò gbà pé kí a fi agbára yọ olórí, kò sì gbà pé kí olórí fi agbára jókòó. Níbo ni ọkùnrin yìí yóò jókòó nínú eré Ogunde? Bí ó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ọba, a ó pè é ní ọlọ́pẹ. Bí ó bá bi ọba ní ìbéèrè kan, a ó ní igbákejì ti fún un ní owó. Eré náà kò pèsè àga fún un. Ní ìgboro pẹ̀lú, àga rẹ̀ ni a kọ́kọ́ kó kúrò nílẹ̀.

Bí a bá bèèrè ohun tí ó fa èyí, a rò pé ó wà nínú ọ̀nà tí Ogunde ti ń tọ̀ láti 1945. Nínú àwọn eré rẹ̀ ìṣáájú, òyìnbó ni ọ̀tá, òṣìṣẹ́ aláìní sì ni ẹni tí a ń jẹ níyà. Ọ̀ràn náà ní ẹ̀gbẹ́ méjì ní tòótọ́, ó sì yẹ kí a fi eré ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà bá bọ́ sáàárín ọmọ ìyá, irinṣẹ́ kan náà kò tó mọ́. Nínú ìjà ọmọ ìyá, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀bi wà lápá kan.

Ẹnìkan lè wí pé a ń béèrè ohun tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ eré alẹ́ kan ṣoṣo, àti pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kò ní dúró ka gbogbo ẹ̀ka igi tí ó fa iná. Òtítọ́ ni. A sì mọ̀ pé ọkùnrin tí ó fi oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wewu láti sọ ọ̀rọ̀ yìí ṣe ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dákẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n eré náà fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a ronú. Bí a bá sì ronú, a kò lè ṣàì ronú kọjá ibi tí ìtàn rẹ̀ dúró sí.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ní ìlú fi hàn pé ọ̀ràn náà kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn òǹkàwé nìkan. Nígbà ìdìbò àpapọ̀ ní ìparí ọdún 1964, ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ àti àwọn tí ó bá wọn dá májẹ̀mú ní kí àwọn ènìyàn wọn má dìbò, nítorí èrú tí wọ́n rí. Ní Ìlà-Oòrùn, níbi tí ìjọba ẹkùn wà lọ́wọ́ wọn, ìdìbò kò wáyé rárá ní ọjọ́ náà. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó wáyé, ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ sì kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àyè ẹkùn náà. Ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀ nítorí ìbínú bá ẹlòmíràn nínú ilé nígbà tí ó padà dé.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, a tún dìbò fún Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò kan ti fara pamọ́ kí àwọn alátakò má baà rí ẹni gba ìwé ìdíje wọn. Ìgbà tí a sì dìbò tán, ẹgbẹ́ méjèèjì kéde pé àwọn ni ó borí. Nígbà náà ni a kọ́ ọ̀rọ̀ titun kan, Wẹ́tìẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí a da epo bẹntiróò sí ilé ẹni tàbí sí ara ẹni, kí a sì ṣáná sí i. Àwọn tí ń ṣe é mọ ọ̀dàlẹ̀ dájú, wọ́n sì rò pé àwọn ti ronú tán. A kò sọ pé eré ni ó kọ́ wọn, nítorí iná wà nílẹ̀ kí eré tó dé. Ohun tí a ń sọ ni pé mímọ ọ̀dàlẹ̀ kò tó láti gba ìlú là, nítorí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù lọ lè ṣáná sí ilé aládùúgbò rẹ̀.

Òpin rẹ̀ pẹ̀lú kò bá òpin eré náà mu. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, a tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n. Bí eré ti wí náà ni ó rí ní ojú: igbákejì kú, ọba jáde. Ṣùgbọ́n ayọ̀ inú eré kò wáyé pẹ́. Ní àárín ikú èkínní àti ìdásílẹ̀ èkejì, a ti pa Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, Gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn; ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ó sì di 1970 kí ó tó parí. Nígbà tí ìlú bá ti yà sí méjì, ikú olórí apá kan kì í so ó pọ̀.

Kí ni ojúṣe ẹni tí ó wà láàárín nígbà náà? Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ẹni tí a kò ní lọ́kàn. A kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń jẹun ní ilé méjèèjì, tí ń yin ẹni tí ó bá wà níwájú rẹ̀. A kò sì sọ̀rọ̀ nípa àdán tí ó dorí kodò tí ó ń wo ìṣe ẹyẹ gbogbo. Ẹni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ẹni tí ó ní èrò, tí ó lè wà nínú ẹgbẹ́ kan pàápàá, ṣùgbọ́n tí kò fi ọgbọ́n orí rẹ̀ san owó ẹgbẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni a rí fún un.

Èkínní, kí ó dìbò. Bí ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ bá jókòó sílé, àwọn tí ara wọn gbóná nìkan ni yóò yan olórí fún gbogbo wa. Ìkìlọ̀ yìí kò tíì di ti àtijọ́. Ní ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 93 lọ. Àwọn tí ó dìbò kò tó mílíọ̀nù 26. Èyí ni pé nínú ènìyàn mẹ́rin tí ó yẹ kí ó dìbò, díẹ̀ ni ó fi ju ẹnìkan lọ tí ó jáde. A mọ̀ pé ìbẹ̀rù lé àwọn kan padà, ọ̀nà sì jìn fún àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé àwọn kò rí ẹni tí ó wu àwọn, bí ẹni pé ìdìbò ni ìgbéyàwó. Láàárín ẹni méjì tí kò pé, ẹnìkan a máa léwu ju èkejì lọ. Ìyẹn ni ó yẹ kí ẹni àárín wádìí.

Èkejì, kí ó bá ẹgbẹ́ tirẹ̀ wí ṣáájú ẹgbẹ́ ẹlòmíràn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Kò sí agbára nínú ìbáwí tí ọ̀tá bá ni wí. Ó ti dá a mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀tá ni. Ọlọ́pẹ ni ó lè sọ fún ọlọ́pẹ ní 1962 pé àga kì í ṣe ohun ìjà. Ẹni Dẹ́mọ̀ ni ó lè sọ fún Dẹ́mọ̀ ní 1965 pé kí a ka ìbò bí a ti dì í. Ó sì gbọdọ̀ jẹ́ ní kùtùkùtù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá dúró títí ọjà fi tú kí ó tó sọ̀rọ̀, ọmọ ti kú.

Ẹ̀kẹta, kí ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nínú èrú. Níhìn-ín ni ẹlòmíràn yóò ti bi wá pé: kí ni àǹfààní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nígbà tí a bá ti jí ìbò? Ìbéèrè gidi ni, òun sì ni ó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sí ẹ̀yìn àwọn oníbẹntiróò ní 1965. Ìdáhùn wa ni pé olóṣèlú kò lè dá nìkan jí ìbò. Akọ̀wé ni ó kọ iye èké. Òṣìṣẹ́ ni ó fara pamọ́ pẹ̀lú ìwé. Ọlọ́pàá ni ó wo apá ibòmíràn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí a kọ́ ní ìṣirò nínú irú ilé-ìwé tiwa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni a ti pè sí ìdí àpótí ìbò, a ó sì tún pè wọ́n. Ní wákàtí tí àwọn ènìyàn ńlá bá dé pẹ̀lú àpò owó tàbí pẹ̀lú ìhalẹ̀, ẹni tí ó di kálàmù mú ni ó wà láàárín ní tòótọ́. Bí ó bá kọ̀ láti kọ irọ́, ó ti ṣe ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń pariwo ní òpópó lọ. Ó lè ná an ní iṣẹ́ rẹ̀. A kò ní tàn án pé kò ní ná an ní nǹkan kan.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi Yorùbá Ronú kọ́ àwọn ọmọ, ẹ má jẹ́ kí a dúró níbi tí wọ́n yóò ti sọ pé igbákejì burú, nítorí ọmọ tí kò tíì wọ ìwé kẹta lè sọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ní ohun tí kò sí nínú eré náà. Kí wọ́n kọ ìran kan tí Ogunde kò kọ: alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a mú ọba, nínú ilé alárinà kan tí ó ti gbọ́ ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n fún igbákejì ní ẹ̀sùn tòótọ́ kan tí ó ní sí ọba, kí wọ́n sì fún ọba ní àṣìṣe kan. Lẹ́yìn náà kí wọ́n mú onílé yẹn dìde lórí ìjókòó rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ibi tí ó lọ, ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀, àti ohun tí ó wí. Bí kíláàsì kan bá lè parí iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé onílé náà padà lọ sùn, àwọn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí ronú.